Ọjọ́ Mẹ́jọ Òní

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Táòfíkì Akóredé jẹ́, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún lábẹ́ tábìlì. Kì í dúró. Bó bá ń jẹun, á máa mì. Bó bá ń bá ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á máa mì. Bó bá jókòó gbọ́ wáàsù, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á rò pé ọkọ̀ ojú irin ló ń kọjá nísàlẹ̀ ilé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Veddel ló ń gbé, erékùṣù kékeré kan nítòsí èbúté Hamburg, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa tún kíréènì ṣe, àwọn irin gìrìwò tó ń gbé kọ̀ńténà kúrò nínú ọkọ̀ òkun. Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Kíréènì kì í bi í léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́sáláṣí sọ ọ́ ní Òṣùwọ̀n, nítorí kò sí ohun tí kì í fi wé òmíràn kó tó rà á. Oṣù méje ló fi wá bẹ́ẹ̀dì. Ó kọ iye owó rẹ̀ sílẹ̀, ó kọ bó ṣe le sí, ó kọ iye ọdún tí wọ́n ní yóò lò. Orí ilẹ̀ ló ń sùn ní gbogbo oṣù méjèèje. Nígbà tó sì rà á tán, èyí tó kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló rà. Ẹ má pè é ní ahun o, ọ̀rọ̀ owó kọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó gbà pé bí òun bá fi ọwọ́ ara òun yan nǹkan tí nǹkan náà sì bàjẹ́, kò sí ẹni tí òun yóò dì í rù.

Ọdún kẹta rèé tí òun àti Sàídátù ti ń fẹ́ra. Sàídátù wà ní Berlin, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Wedding, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò. Ọmọ Muṣin ni, ojú rẹ̀ là, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí Táòfíkì bá lọ sí Berlin ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, Sàídátù á wá sí Hamburg ní èyí tó ń bọ̀. Ojú irin ni ilé ìfẹ́ wọn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyá Táòfíkì ti dẹ́kun bíbéèrè ìgbà tí wọ́n máa ṣe ìgbéyàwó. Àdúà ló kù tó ń ṣe, èyí sì ń ká Táòfíkì lára ju ìbéèrè lọ.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹta, Sàídátù gba àyè níbi iṣẹ́, ó sì wá sí Veddel láìjẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Táòfíkì ti iṣẹ́ àárọ̀ dé, ó bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó se ìrẹsì. Sàídátù ò jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ tó fi ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Contract mi máa parí lóṣù Kẹfà," ló wí. "Wọn ò ní renew ẹ̀. Mo ti ń kọ̀wé káàkiri láti December, mi ò sọ fún ẹ ni. Ibi méjì ló dá mi lóhùn. Hospital kan ní Bergen, ní Norway, àti lab kan ní Göteborg, ní Sweden. Àwọn méjèèjì ní kí n máa bọ̀."

Ẹsẹ̀ Táòfíkì dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀, tòun ti èkejì.

"Èwo lo fẹ́ nínú ẹ̀?"

"Èwo ni ìwọ fẹ́?"

"Èmi? A ní láti wò ó dáadáa o. Ọ̀rọ̀ transport wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ weather wà ńbẹ̀. Kì í ṣe nǹkan téèyàn kàn máa sọ báyẹn."

Sàídátù wò ó títí, bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì tó já bọ́. "Ó dáa. Wò ó dáadáa. Ọjọ́ mẹ́jọ òní ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Ṣùgbọ́n Táò, má fi fóònù dá mi lóhùn. Ohunkóhun tó o bá ní láti sọ, wá bá mi nílé, kó o sọ ọ́ lójú mi."

Ọmọ ọdún méje á ti mọ̀ pé kì í ṣe òjò àti yìnyín ni obìnrin yìí ń béèrè. Táòfíkì náà mọ̀, ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, kò gùn: èmi náà ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ sọ ọ́ ló rántí iṣẹ́ tó fi ọdún márùn-ún wá, èdè Jámánì tó fi omijé kọ́, ìwé ìgbélùú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì pẹ̀lú ìrẹsì. Ó sin Sàídátù dé ibùdókọ̀, ó padà sílé, ó sì mú ìwé kékeré kan.

Ó fa ìlà gbọọrọ sí àárín ojú ewé. Bergen lápá òsì, Göteborg lápá ọ̀tún. Lókè pátápátá ló kọ ọ́ sí: *Owó ọkọ̀, àlọ àti àbọ̀, ẹni kan.* Ó wo iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti Hamburg lọ sí Bergen ní oṣù Keje, ó wò ó ní oṣù Kìn-ín-ní, ó wò ó bí èèyàn bá ní ẹrù àti bí kò bá ní. Ó gbówó lórí. Ti Göteborg rọ̀ jù ú lọ, nítorí ọkọ̀ òkun kan wà tó ń gbéra nírọ̀lẹ́ ní Kiel, tí kò jìnnà sí Hamburg, tí ilẹ̀ á sì mọ́ bá a ní Göteborg. Béèyàn bá tètè sanwó, kò ju ìdajì ti Bergen lọ. Èyí dùn mọ́ ọn nínú, ló bá fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn owó ló kan ojú ọjọ́. Bergen, òjò. Àní òjò. Ó kà pé ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún kan lé ní igba, ó ní àbí àwọn ará ibẹ̀ ti di ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ kò mú tó ti Göteborg nígbà ọ̀gìnnìtìn, òkun ló ń bá wọn tù ú. Göteborg ní oòrùn díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì le. Ó kọ gbogbo rẹ̀. Ó kọ iye adìẹ kan ní ìlú méjèèjì. Bó bá kọ ọ́ tán, á dìde, á rìn dé orí afárá, á wo omi, á padà, á tún ṣí ìwé. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ bí adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Ní ọjọ́ Àìkú, ó ya ojú ewé náà ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí Sàídátù. Ẹ rántí pé wọ́n ti ní kó má fi fóònù dáhùn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé èyí kì í ṣe ìdáhùn, ìwádìí ni.

"O ṣeun," ni Sàídátù kọ padà. Kò fi nǹkan kan kún un.

"O ṣeun" yẹn kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Ó wá di ọjọ́ Ajé, ó di Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ kúkurú tó gbé mì ń ru sókè lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ní alẹ́ Ìṣẹ́gun, ó pinnu. Yóò lọ sọ ọ́. Ó ti gba àyè Ọjọ́bọ̀ níbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, torí ó ti ka ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà: Ọjọ́bọ̀ ọ̀kan, Ẹtì méjì, Àbámẹ́ta mẹ́ta, títí tó fi dé mẹ́jọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú Julian, ọ̀gá wọn, ọmọ Hamburg tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ẹ́ńjìnnì kan ti bàjẹ́ lára kíréènì kẹta, wọ́n sì ti ránṣẹ́ ra tuntun. Táòfíkì béèrè ìgbà tó máa dé.

"Heute in acht Tagen," ni Julian wí. Òní, ọjọ́ mẹ́jọ.

Táòfíkì kọ ọ́ sílẹ̀. "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn."

Julian rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ọjọ́rú. Bí àwọn àgbà ṣe ń kà á níbí nìyẹn. Òní náà wà nínú ẹ̀."

Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ Táòfíkì. Òní náà wà nínú ẹ̀. Ọmọ tí a bá bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣebí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà là ń sọ ọ́ lórúkọ, tí a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ? Ọjà ọrọọrún tí ìyá rẹ̀ ti ń ta ẹní, ṣebí ọjọ́ ọjà gan-an ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkà? Òun tó ti gbé ẹní lórí tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà yẹn, ṣé Jámánì ló yẹ kó wá kọ́ òun bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ó sì ti dé: òní gan-an ni ọjọ́ tí Sàídátù dá. Òtítọ́ ibẹ̀, tí Táòfíkì ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí dòní, ni pé kò gbàgbé. Ọjọ́ kan ló ń wá kún ọjọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà mọ bí a ṣe ń ka ọjọ́ kó lè gùn.

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "Mo ní láti lọ," ló wí fún Julian. "Ìyàwó mi ń dúró dè mí ní Berlin."

"O ti gbéyàwó ni? Ìgbà wo?"

"Mi ò tíì gbé e."

Julian wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀, ó ní kó máa lọ.

Tòun ti ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn ló fi wọ ọkọ̀ S-Bahn ní Veddel, kò rántí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ Berlin. Ó pe Sàídátù, fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún pè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀, ó tún pa á rẹ́, nítorí ó rántí pé wọ́n ní kó wá ni. Kò jókòó. Ó ń rìn láàárín ìjókòó àwọn èèyàn títí ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò fi bẹ̀ ẹ́ pé kó fìdí kalẹ̀. Ó fìdí kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kọfí arábìnrin tó jókòó kọjú sí i ń mì jìgìjìgì nínú ife.

Nígbà tó ṣe, ọkọ̀ náà dúró sáàárín oko. Wọ́n ní nǹkan kan ṣe ojú irin níwájú. Táòfíkì wo ìta. Màlúù méjì ń jẹ koríko, wọ́n ń wo ọkọ̀ náà láìkánjú. Ó bínú sí wọn. Ogójì ìṣẹ́jú lọ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Nígbà tó máa fi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ U6 ní Rehberge, aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ó sá títí dé ilé Sàídátù. Ó gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta. Sàídátù ṣílẹ̀kùn, ó rí ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, ó rí òógùn. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó wọlé.

"Ọ̀la ni mo kà á sí," ni Táòfíkì wí.

"Ọ̀la." Sàídátù jókòó. "Ọmọ Ìsẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́jọ òní, o kà á sí ọ̀la."

"Ṣé o ti dá wọn lóhùn?"

"Mo gba àyè lónìí, mo dúró di aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ń gbọ́ bí fóònù ṣe ń dún. Mo ní bó bá jẹ́ pé ó ń bọ̀ ni, á kan ilẹ̀kùn."

"Èwo lo mú?"

"Göteborg."

Ó yà á lẹ́nu. "Bergen lo fẹ́ràn. Mo mọ̀. Nígbà tó o ń sọ ọ́, mo rí i lójú ẹ."

Sàídátù gbé fóònù rẹ̀, ó ṣí fọ́tò ojú ewé náà, ó sì fi ìka sí abẹ́ ìlà pupa. "Ìwọ lo fa ìlà sí i. Owó ọkọ̀ rẹ kéré níbẹ̀. Mo ní kò burú, ó kéré tán á lè máa wá wò mí." Ó wá gbé ìka náà lọ sókè pátápátá. "Àlọ àti àbọ̀, ẹni kan. Mo ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹwàá, Táòfíkì. Mo ń wá ibi tí mo wà nínú ẹ̀."

Ojú ti Táòfíkì dénú egungun. Ó yọ ìwé kékeré náà nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì, ó mú bírò Sàídátù, ó sì fa ìlà gba orí *àbọ̀* kọjá. Ó pa *kan* rẹ́, ó kọ *méjì* sí i.

"Ohun tí mo wá sọ nìyẹn," ló wí. "Èmi náà ń bọ̀. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tó o béèrè. Ẹ̀rù ló bà mí."

Sàídátù wo ìwé náà pẹ́. Omi lé sójú rẹ̀, kò nù ún. "Bergen ni mo fẹ́ o," ló wí jẹ́ẹ́. "Ká ní o kan ilẹ̀kùn ní wákàtí kan sẹ́yìn."

Táòfíkì fa àga kan sún mọ́ ọn. Ó jókòó tì í. Sàídátù na ọwọ́, ó gbé e lé orúnkún Táòfíkì bó ti máa ń ṣe láti dá ẹsẹ̀ náà dúró, àfi bó ṣe bá a tí ẹsẹ̀ náà dákẹ́.

"Bàbá mi á fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹbí rẹ," ló wí nígbà tó yá. "Kò ní gbà kí n bá ọkùnrin wọ ọkọ̀ òkun lásán. Ìgbà wo ni wọ́n máa lọ bá a?"

"Ọjọ́ mẹ́jọ òní."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́rú," ni Táòfíkì wí.