Etí Ọ̀gá Atẹdùùrù

Òórùn dùùrù àtijọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ọ́tùn ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi lọ́kàn, òórùn igi gbígbó àti ìgbẹ́ àdán. Ìgbà tí àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba sílẹ̀ ni. Mo ti ra ìwé àlòkù kan tó ń ṣàlàyé orin àwọn àgbà olórin ilẹ̀ òyìnbó fún ẹni tí kò kọ́ orin rí, ìwé náà sì gùn mí. Mo bẹ àlùfáà kí n máa sọ ìtàn olórin kan lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, kí n sì fi kásẹ́ẹ̀tì orin rẹ̀ sí i kí ìjọ gbọ́. Ó gbà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi tí mi ò tíì mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa ni mo ń kọ́ àwọn baba mi.

Ọ̀gá mi ni atẹdùùrù ìjọ, ó ti lo ju ọgbọ̀n ọdún lọ lórí àga dùùrù. Èmi ni mo ń ṣí ìwé orin fún un, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé etí rẹ̀ ti di. Bí àlùfáà bá ti pe orin, màá fi ìgbúnwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Bí wọ́n bá gba àga yìí, kí ló tún kù fún mi?"

Ìrọ̀lẹ́ tó kan ará Jámánì tí etí rẹ̀ di, síbẹ̀ tó ń kọ orin ńlá, ọ̀rọ̀ dùn mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn èèyàn ń mi orí, orí tèmi náà wú. Mi ò mọ ìgbà tí mo ní, "Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ni o! Ẹ wo ọ̀gá wa. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹ ò sì mọ̀!"

Gbogbo ìjọ yíjú sí i. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá mi rí ojú wọn, ó rò pé wọ́n ń kí òun ni. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba. Áà! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìgbìmọ̀ ìjọ fi kọ̀wé sí i pé kó lọ sinmi. Èmi ni wọ́n gbé sórí àga. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní, "Ọmọ mi, kí lo sọ nípa mi lọ́jọ́ yẹn?" Mo kọ ọ́ sórí bébà: "Mo yìn yín ni, sà." Ó kà á, ó dúpẹ́, ó ká bébà náà sápò. Kò mọ̀ títí ó fi kú.

Ó ti lé lógún ọdún báyìí, dùùrù ti sú mi. Mo ṣì ń ka ìwé yẹn fún àwọn akọrin, ṣùgbọ́n mo máa ń fo ará Jámánì yẹn. Lóṣù tó kọjá, obìnrin tó ń ṣí ìwé orin fún mi fi ìgbúnwọ́ kàn mí. Àlùfáà ti pe orin, mi ò gbọ́. Mo wojú obìnrin náà, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́?