Ògiri Tó Wà Láàárín Àwa àti Bàbá Káfíńtà

Ọjọ́ tí ayé wa dàrú, aṣọ ni mò ń sá. Ọjọ́ Sátidé ni, n kò lọ sí káńsù níbi tí mo ti ń tẹ̀wé. Ọmọ aládùúgbò kan sáré kọjá, ó ní kí á ti ilẹ̀kùn, pé wọ́n ti ń bọ̀. N kò bi í pé ta ló ń bọ̀. Gbogbo wa la mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ máa ń dúró ya fọ́tò níwájú àwọn ilé tó jóná ní ìgboro Ọ̀wọ̀. Ẹ ní koríko tó hù lórí ògiri wọn dùn ún wò. Àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀ tí kò gun ibì kankan mọ́, orí rẹ̀ lẹ máa ń jókòó sí mu mínírà. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé tiwa, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ jókòó lé. Oyè ni wọ́n ń jà sí, nígbà ìjọba ológun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ àwọn tó ń dù ú, kó lọ bi ẹlòmíràn. Èmi ò bá wọn jẹ nínú oyè náà, ìyà rẹ̀ nìkan ni mo bá wọn jẹ.

Agboolé kan náà ni àwa àti Bàbá Káfíńtà. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni. Mùsùlùmí ni òun, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni àwa, ìyẹn ò sì dá nǹkan kan sílẹ̀ rí. Ilé tiwa kọjú sí títì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ùghà wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àgbàlá láàfin, àwọn bàbá wa sì fi orúkọ náà pe tiwọn, bó ti wù kó kéré tó. Ẹni tí kò bá gba iwájú jáde nílé wa, àfi kó gba ilẹ̀kùn kan lára ògiri ùghà, tó wọ ọ̀dọ̀ Bàbá Káfíńtà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ oyè dé, àwọn tiwa wà lẹ́yìn ẹnì kan, àwọn tirẹ̀ wà lẹ́yìn ẹnì kejì. Wọ́n bú ara wọn débi tí wọn ò kí ara wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Káfíńtà àti Múfú ọmọ rẹ̀ po sìmẹ́ńtì, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn náà pa. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán. Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilé Bàbá Káfíńtà mọ́ títí òun á fi kú.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Èmi, àwọn ọmọ mi méjì, àti Màmá tí làkúègbé ti dá lórúnkún la wà nílé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé àga tì í. Òkò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lórí páànù. Ìbọn dún níwájú ilé, lẹ́yìn náà mo gbọ́ òórùn bẹntiróòlù. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò rántí àdúrà kankan. Mo gbé ọmọ odó, mo sáré sí ùghà, mo ń fi lu ibi tí wọ́n dí. Bí mo ṣe ń lù ú ni mò ń sọ nínú ara mi pé iṣẹ́ òmùgọ̀ ni mò ń ṣe, pé ẹni tó mọ ọ́n kò ní wó o nítorí mi.

Bàbá Káfíńtà dáhùn lódì kejì. Ó ní kí n kó àwọn ọmọ sẹ́yìn. Òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mọ ògiri náà, ó sì mọ ọ́n dáadáa, ó pẹ́ kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó yẹ̀. Mo ti àwọn ọmọ gba ihò náà kọjá. Ó wá ku Màmá.

Màmá jókòó sórí àpótí, ó ní òun ti búra. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fà á, inú bí mi, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó kì í sọ sí ìyá ọkọ jáde lẹ́nu mi. Kò mira. Èéfín ti ń wọ ùghà. Ni Bàbá Káfíńtà bá rá gba ihò náà wọlé, gbogbo ara rẹ̀ funfun fún eruku.

Ọmọdé ni Bàbá Káfíńtà nígbà tí wọ́n gbé Màmá wọ ilé yẹn níyàwó. Màmá fi ọjọ́ orí jù ú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó bá a nílé, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni. Adúmáadán ni Màmá ń pè é kí ìjà tó dé. Òun náà, nígbà tí Màmá ti darúgbó, Màmá ló ń pè é bíi ti gbogbo wa. Lọ́jọ́ yẹn kò pè é bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "èmi ọkọ rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ní kó o dìde."

Màmá wò ó títí. Ó ní, "Adúmáadán, ọkọ mi." Ó na ọwọ́ sí i.

A gbé e gba ihò náà. Bí a ṣe gbé e kalẹ̀, Bàbá Káfíńtà tún kọjú sẹ́yìn. Ó ní òun gbọ́ ohùn Múfú láàárín àwọn tó wà níwájú, pé ilé tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n òun, ọkọ Màmá, sí kò ní jóná lójú òun. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ó ní kí n gbé Màmá sínú bárò òun kí a máa lọ, pé Múfú á gbọ́ ohùn òun. Ó rá padà sílé wa. A gbọ́ ọ tó ń ké lẹ́nu ọ̀nà pé, "Múfú! Múfú, èmi ni!" Lẹ́yìn ìyẹn, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù-gbàù lókè, a ò gbọ́ ohùn mọ́.

Mo ti Màmá nínú bárò dé Emùré-Ilé, níbi tí wọ́n ti bí i. Àwọn ọmọ di ìró mi mú lọ́tùn-ún lósì. Àdúgbò tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ni mò ń gbà kọjá. Ẹ̀wà ń hó lórí iná níwájú ilé kan, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ṣí sílẹ̀, aṣọ ìyàwó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ṣì gún un.

Ní Emùré-Ilé, ilé àwọn ẹbí Màmá ti kún, kíláàsì ilé ìwé la sùn. Ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n la ń fi iyọ̀ bọ̀ jẹ. Àbígbẹ̀yìn mi a máa bi mí pé ìgbà wo la ó jẹun, lẹ́yìn tí a bá jẹun tán. Onílọ́rì kan ló mú ìròyìn wá pé ẹnu ọ̀nà ilé wa, nínú ilé, ni wọ́n ti rí òkú Bàbá Káfíńtà, wọ́n sì ti sin ín lọ́jọ́ náà. Màmá ò sunkún. Ó tú irun orí rẹ̀.

Nígbà tí a padà, ìlú pa lọ́lọ́. Ẹ̀rọ ìlọta kò dún, orí làwọn èèyàn ń mì kí ara wọn. Ilé Bàbá Káfíńtà la wọ̀, kò síbòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ, Màmá bá ní òun ni yóò ṣe opó rẹ̀. Àwọn ẹbí ní ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí, kí ẹni tó ti ṣe opó ẹ̀gbọ́n tún ṣe opó àbúrò. Màmá ní, "Mo bá a nílé." Ó wọ aṣọ dúdú.

Múfú ló ń gbé ẹ̀kọ wá fún un láràárọ̀. Á gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á yíjú, á lọ. N kì í dá a lóhùn. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé ìró bàtà rẹ̀ ń rí mi lára. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó wà lára àwọn tó dáná sun ilé wa, kò sẹ́ni tó wí i. Lọ́jọ́ tí Màmá bọ́ aṣọ dúdú, ó ní kó wọlé kó jókòó. Ó bi í bóyá ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Múfú wolẹ̀. 

"Mo gbọ́, Màmá. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe Bàbá. Mo ní Bàbá ò lè sí nínú ilé yẹn, èmi àti òun la jọ dí ọ̀nà."

Màmá ti abọ́ ẹ̀kọ tirẹ̀ sún mọ́ ọn, ó fi ṣíbí lé e lọ́wọ́. Múfú jẹ ẹ́ tán níwájú wa.