Irin Kékeré Ara Ṣáàfù

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti ọkọ mi fi ṣe asọ̀ lórí irin kan tí àwa méjèèjì kò fojú rí rí. Ó ti kú báyìí. Àwọn ènìyàn máa ń ní kí n fi òkú sílẹ̀ kó sinmi. N kò rí ìdí rẹ̀. Pé ẹni tó ṣẹ̀ mí láàyè kú kò túmọ̀ sí pé ó ti bẹ̀ mí.

Lọ́dún tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan, dúdú, gígùn, tí wọ́n fi awọ ṣe ìjókòó rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń tà fún ènìyàn nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ lọ, irin gígùn kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàfù ló sì so méjèèjì pọ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń yí, láàárín ìwọ àti ẹni tó jókòó tì ọ́. Àwọn tó ṣe é máa ń yẹ ìwúwo rẹ̀ wò yí ká. Ibi tó bá fúyẹ́, wọ́n á lẹ irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí ìwúwo rẹ̀ bá dọ́gba, o lè sùn nínú ọkọ̀ náà. Bí kò bá dọ́gba, yóò máa jà.

Tiwa ń jà. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mẹkáníìkì ọkọ mi ní Ring Road tú ṣáàfù náà láti pààrọ̀ bíárìn àárín rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí eré bá ti kan ọgọ́rin, ìjókòó á máa gbọ̀n. Mo ní ṣáàfù ni. Físíìsì ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọkọ mi ní, “Tíṣà, inú ìwé nìyẹn. Táyà ni.” Ó pààrọ̀ táyà. Ó tún un pààrọ̀. Bí àlejò bá wá, á ní, “Ìyàwó mi máa ń fi ìdí gbọ́ ohùn irin o.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín.

N kò wọ ọkọ̀ náà mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, òun á wa ọkọ̀ tirẹ̀ jáde ní Bódìjà, èmi á dúró de takisí, a ó sì pàdé ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí àwọn tí kò mọ ara wọn.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Akóbọ̀ pè mí.

“Mọ́mì, ẹni tó máa ra ọkọ̀ Dádì ń bọ̀ ní Sátidé.”

“Ta ló ní mo fẹ́ tà á?”

“Ẹ wò ó, ọkọ̀ yẹn ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí kò bá gbọ̀n mọ́ kó tó di Sátidé, ẹ máa wà á, mi ò ní sọ̀rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ń lọ nìyẹn.”

N kò sọ ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ fún un. Òórùn bàbá rẹ̀ ṣì wà lára ìjókòó. Ẹni tó ń bínú náà máa ń fẹ́ gbóòórùn ènìyàn.

Ní Ọjọ́rú, mo wà á lọ bá mẹkáníìkì náà. Láti Bódìjà dé Ring Road ni mo ti ń to èébú jọ. Orí rẹ̀ ti funfun.

“Ẹ káàárọ̀ mà, Mọ́mì. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n ra mínírà fún yín.”

“Ṣé mínírà ló ń gbọ̀n? Tú ṣáàfù yẹn wálẹ̀.”

Ó tú u, ó gbé e ka orí bẹ́ǹṣì. Ọ̀dà fàdákà ló wà lára rẹ̀, ó ń dán. Mo fi ìka tọ́ ọ láti orí dé ìdí. Ní ibì kan, abẹ́ ọ̀dà náà rí gbágungbàgun.

“Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?”

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Irin kékeré kan ni, Mọ́mì. Mo rò pé mẹkáníìkì mìíràn ló lẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ̀ wá, kò sí ohun tí a kì í lẹ̀. Mo ní ọkọ̀ ọ̀gá kò yẹ kó ní àlẹ̀mọ́ lára. Mo fi fáìlì ha á kúrò, mo wá kùn ún kó lè wu ọ̀gá.”

“Ìgbà wo lo mọ̀ pé o ti bà á jẹ́?”

“Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn tí mo ha á. Ọ̀gá padà wá. Wọ́n ní, ‘Ìyàwó mi ní ṣáàfù ni, obìnrin yẹn kì í sì í ṣe àṣìṣe. Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bó bá jẹ́ òun ló tọ̀nà, màá lọ bẹ̀ ẹ́.’ Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo rí ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rù bà mí. Mo jáde, mo ní ṣáàfù kò ní nǹkan kan, táyà ni.”

Mo jókòó sórí táyà kan. Gbogbo èébú tí mo tò jọ, n kò mọ ẹni tí mo fẹ́ bù wọ́n fún mọ́. Nígbà tó yá, mo ní kó lọ ra mínírà náà wá, kó sì ra ṣọ́ọ̀kì bọ̀.

A dá ṣáàfù padà, a fi jáàkì àti igi gbé ìdí ọkọ̀ sókè. Mo ní kó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, kó di ṣọ́ọ̀kì mú súnmọ́ irin náà bó ṣe ń yí. Apá tó bá wúwo ni yóò kan ṣọ́ọ̀kì. Èmi jókòó sídìí sítíárìn, mo fi ẹsẹ̀ lé tírótù.

“Ẹ rọra o, Mọ́mì. Ìyàwó mi ṣì nífẹ̀ẹ́ mi.”

“Kò tíì mọ̀ ọ́ ni.”

Ní òdìkejì ibi tí ṣọ́ọ̀kì kàn, a fi kílíìpù irin méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń di ọ́ọ̀sì omi, há a mọ́ra. Ó ṣì ń jà. A yí kílíìpù díẹ̀, a tún dán an wò. Ní ìgbà karùn-ún, mo gbé ọwọ́ lé ìjókòó, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Mẹkáníìkì náà jókòó tì mí, mo gba Challenge jáde sí ọ̀nà márosẹ̀. Ọgọ́rin. Ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ náà kò sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ọkọ mi rà nìyẹn, tí kò lò ju ọdún kan lọ.

Mo dúró létí títì, mo pe ọmọ mi. Mo ní kó sọ fún ẹni yẹn pé kó má wá ní Sátidé.

Mẹkáníìkì ní, “Mọ́mì, ẹ dárí jì mí.”

“N kò tíì dárí jì ọ́. Kí ni wọ́n tún sọ?”

“Àwọn ta ni, mà?”

“Ọ̀gá rẹ. Nígbà tí wọ́n ní àwọn á bẹ̀ mí.”

Ó tún un sọ. Mo ní ọkọ mi kì í yára sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó rọra sọ ọ́. Ó rọra sọ ọ́.