Bàbá Súfèé àti Àwọn Ọ̀bọ Tí Ó Tù Lójú

Eyín iwájú méjì ni kò sí lẹ́nu Bàbá Súfèé. Ìdí ìbọn ló gbá a lẹ́nu nígbà tí ó ṣì ń ṣọdẹ, ihò tí eyín náà fi sílẹ̀ sì ni súfèé ń gbà jáde. Súfèé náà tinrín, ó gùn, ó sì máa ń ṣẹ́ kọ́rọ́ ní ìparí. Kò sí ẹlòmíràn tó lè sú irú rẹ̀, àfi ẹni tí ìbọn bá tún yọ eyín rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ìbọn náà mọ ohun tó ń ṣe, ó fẹ́ kí ọkọ òun wá iṣẹ́ mìíràn ni.

Iṣẹ́ mìíràn náà sì dé lóòótọ́. Nígbà tí ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n nínú igbó, tí ọdẹ ń jáde lọ tó sì ń gbé àpò òfìfo padà wálé, àwọn ará ìlú pe ìpàdé. Wọ́n ní kí gbogbo ọdẹ gbé ìbọn sílẹ̀. Wọ́n ní ẹran tí a bá pa, ẹ̀ẹ̀kan péré la ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí àlejò bá ń wá wò yóò máa bọ́ wa títí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Wọ́n kọ́ ilé àlejò oníyàrá mẹ́ta sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà igbó. Ìyàwó Bàbá Súfèé ló ń dáná fún àlejò, òun náà ló ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọkọ rẹ̀ ni amọ̀nà.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: àlejò kì í ti ọ̀nà jíjìn wá wo ewé. Àwọn ọ̀bọ ni wọ́n fẹ́ rí, àwọn ọ̀bọ náà sì mọ ènìyàn dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá. Ìgbìmọ̀ tí ìlú yàn láti máa bójú tó igbó wá ní kí Bàbá Súfèé tù wọ́n lójú.

Láràárọ̀ ni ó ń lọ jókòó sí ìdí igi ńlá kan. Ó máa ń súfèé, á ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ síwájú, á sì dákẹ́. Òjò pa á, èèrà jẹ ẹ́, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pẹ́ kí abo arúgbó kan tí etí rẹ̀ kan ti ya tó sọ̀ kalẹ̀, tó ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, tó gbóòórùn rẹ̀, tó sì wò ó lójú. Bàbá Súfèé sunkún lọ́jọ́ náà, kò sì tijú rẹ̀. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù tẹ̀lé, tọmọtọmọ.

“Bí mo bá pè yín wá jẹun, ẹ kì í tètè dáhùn,” ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí. “Ọ̀bọ ń gbọ́ súfèé, ó ń sáré bọ̀. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ọ̀bọ?”

Bí ilé àlejò ṣe kún nìyẹn. Wọ́n fi owó rẹ̀ bo òrùlé ilé ẹ̀kọ́, obìnrin mẹ́ta míì sì tún rí iṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn ọkùnrin méjì kan wá lẹ́yìn òjò. Wọ́n lẹ́rìn-ín lẹ́nu, wọ́n yin ọbẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì rọ̀. Nínú igbó, ọ̀kan nínú wọn na fóònù sí ẹnu Bàbá Súfèé.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sú. Àwọn ọmọ mi gbọ́dọ̀ gbọ́ eléyìí.”

Bàbá Súfèé tún un sú. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi sọ fún wọn bí eyín rẹ̀ ṣe yọ. Ìyàwó rẹ̀ di búrẹ́dì àti ẹyin fún wọn kí ebi má pa wọ́n lọ́nà. Àwọn àgbà ní inú ilé ni aṣeni ń gbé. Àwa tún fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà dá Bàbá Súfèé dúbúlẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dìde, obìnrin àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà létí igbó kí i lójú ọ̀nà.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ yín lánàá.”

“Lánàá? Orí ẹní ni mo wà lánàá.”

“Ẹ̀yin náà ni o. Ta ló tún ń súfèé bẹ́ẹ̀?”

Ó sáré dé ìdí igi náà, ó bá ẹ̀jẹ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti páálí ọta. Àwọn ọ̀bọ tó kù kò pọ̀ mọ́. Wọ́n wà lórí igi, ohùn wọn ti há. Síbẹ̀, bí Ìyá Àgbà ti rí i, ó sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́ wá. Ohun tó dun Bàbá Súfèé jù nìyẹn.

Ó ké sí àwọn aṣọ́gbó ìjọba, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn ti bàjẹ́. Bàbá Súfèé lọ bá alága ìgbìmọ̀, tí í ṣe àbúrò rẹ̀.

“Mo fẹ́ lé àwọn ọ̀bọ náà. Kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ènìyàn.”

“Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá sá, kí ni àlejò fẹ́ wá wò? Ṣé èmi?”

“Àwọn tó gba súfèé mi sí fóònù yóò pa wọ́n tán.”

“Bí wọ́n kú, bí wọ́n sá, ilé àlejò á ṣófo náà ni. Ẹ jẹ́ ká rọra ronú sí i.”

Ìyàwó rẹ̀ ni kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fún un. “Ebi ti ń pa wá kí ilé àlejò tó dé,” ó ní. “A ò kú. Ẹ lọ lé wọn.”

Ó kó òkúta sápò, ó lọ. Kò súfèé, ṣùgbọ́n wọ́n rí i, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó ju òkúta àkọ́kọ́. Ìyá Àgbà ṣa á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò ó lójú. Ó ju òmíràn, ọmọ ọ̀bọ kan sáré gbé e, ó fi sẹ́nu. Bàbá Súfèé bú wọn, ó lọgun, ó fẹsẹ̀ jálẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó wá di ojú, ó fi gbogbo agbára ju ọ̀kan. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Èjìká Ìyá Àgbà ló bà. Ó ké, irú igbe tí Bàbá Súfèé ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, gbogbo wọn sì gun igi lọ fùrù. Ó tún ju, ó tún ju, títí apá fi ro ó. Nígbà tí kò sí èyí tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ó fara ti igi. Ó rò pé òun ti gbà wọ́n là.

Ìgbà náà ni súfèé dún láti apá odò. Ó tinrín, ó gùn, ó ṣẹ́ kọ́rọ́ ní ìparí. Tirẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ sì wà ní pípadé.

Ìyá Àgbà yíjú síbẹ̀. Bàbá Súfèé da òkúta àpò rẹ̀ nù, ó na ọwọ́ òfìfo sókè, ó sì súfèé. Ìyá Àgbà wò ó láti orí igi, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó kẹ̀yìn sí i, ó kó àwọn yòókù, wọ́n sì gba orí igi lọ bá súfèé tí kò ju òkúta lù wọ́n rí.

Ó sáré tẹ̀lé wọn. Ó ń ké, ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó ń súfèé. Ó ṣì ń súfèé nígbà tí ìbọn dún.