Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Àlejò Gbálẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà Mi

Nígbà tí ọkùnrin náà fa ilẹ̀kùn onírin ṣọ́ọ̀bù mi wálẹ̀, tí ó sì dúró síwájú rẹ̀, mo rò pé ayé mi ti parí. Ọ̀sán gangan ni. Mo ń gbọ́ bí àwọn awakọ̀ ṣe ń pe èrò Alágbàká níta, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò là kí n fi ké. Obìnrin tí wọ́n jọ wá ti jókòó sórí àga oníbàárà. Bọ́lá ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Ọkùnrin náà ni Bọ̀dá Káyọ̀dé, àbúrò ìyá rẹ̀, àgbẹ̀ láti Bọ́lọ́rundúró, tí apá rẹ̀ tó itan mi.

"Aǹtí Fúnkẹ́," Bọ́lá ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá, "kí ni àwọn Bọ̀dá Ṣẹ́gun fún yín kí ẹ tó pa ọ̀rọ̀ bàbá mi rẹ́?"

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Mo fi Ọlọ́run búra. Àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe!" Bọ̀dá Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín. "Àṣìṣe tó mọ ilé tó máa wọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa okùn iná yọ, ó sì gbé kọ̀ǹpútà mi sókè bí ẹni gbé àpò kòkó, ó fẹ́ là á mọ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Bọ́lá ló gbà mí. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí ẹ bá fọ́ ọ, kí la máa fi wá a?"

Ọkùnrin náà dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kọ̀ǹpútà lókè orí, kó tó gbé e sílẹ̀. Bọ́lá ní ìpàdé ẹbí wọn ní Oǹdó di ọjọ́ Sátidé. Ó ní bí mi ò bá mú ọ̀rọ̀ bàbá òun wá lódindi, àwọn yóò padà wá, òun ò sì ní lè dá Bọ̀dá Káyọ̀dé dúró mọ́. Ọjọ́ Wẹ́sídeè ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó mọ bí mo ṣe kó sínú irú èyí, mo ní láti sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ wa. Ìgé fídíò ni mo ń ṣe. Ẹlòmíràn lè gbé kámẹ́rà lọ sóde, àwa ni a óò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, a óò gé èyí tí kò dára kúrò, a óò to ìyókù, a óò fi orin àti orúkọ sí i. Ohun tí a fi ń gé e ni sọ́fítíwia, irinṣẹ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ìgbàrà-Òkè ni mo ti wá, ṣùgbọ́n ìlú Oǹdó ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Dáre. Téèpù kékeré la fi ń ya fídíò nígbà náà. Bí a bá ti gba ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tán, a óò tún téèpù náà lò sóde mìíràn. Téèpù kan lè gbé ìsìnkú mẹ́ta àti ìgbéyàwó méjì kó tó kú.

Nígbà tí mo ṣe fúrídọ̀mù, tí mo sì wá ya ṣọ́ọ̀bù ní Àkúrẹ́, Ọ̀gá ní kí n da gbogbo iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe kọ, kí n kó o dání. Sọ́fítíwia tí a fi ṣe wọ́n náà ni mo ń lò. Ìgbà tó yá, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í mú fídíò inú fóònù wá, àti ti àwọn kámẹ́rà ìsinsìnyí, èyí tí sọ́fítíwia mi kò lè ṣí. Mo fi tuntun rẹ̀ sí i. N kò yọ ti àtijọ́, nítorí òun nìkan ló lè bá téèpù sọ̀rọ̀, àti pé iṣẹ́ àtijọ́ tí ẹ bá fi tuntun ṣí tí ẹ sì tọ́jú pamọ́ níbẹ̀, ti àtijọ́ kò ní lè ṣí i mọ́ láéláé. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń gbé inú kọ̀ǹpútà kan. Mo sọ ti àtijọ́ ní Àgbà, mo sọ tuntun ní Àlejò.

Mo pe Ọ̀gá lórí fóònù láti yangàn fún un. Kò yìn mí. Ó ní, "Fúnkẹ́, ṣé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo fún wọn nínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á máa kó fídíò sí?"

"Inú yàrá kan náà ni wọ́n ń kó ẹrù sí, Ọ̀gá. Àyè ò sí."

"Lọ yà wọ́n. Àlejò ò mọ ẹrù onílé."

Mo ní mo ti gbọ́. N kò yà wọ́n.

Ní ọdún tí ó kù díẹ̀ kí n parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, bàbá arúgbó kan ní Oǹdó ránṣẹ́ pè wá. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nípa ilé. Ìyàwó méjì ló ní. Ìyálé ti kú, Ṣẹ́gun sì ni àkọ́bí rẹ̀. Ìyàwó kejì ni Màmá Bọ́lá. Ìdí jẹnẹrétọ̀ ni mo wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí bàbá ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tó parí ni wọ́n ní kí n wọlé wá kó okùn. Bàbá ní kí èmi àti Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún wa. Kámẹ́rà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ó ti ṣe àmín, Ọ̀gá yọ téèpù náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò jù ú sínú báàgì bí ó ti máa ń ṣe. Àpò àyà rẹ̀ ló fi í sí. N kò bi í léèrè.

Nígbà tí iṣẹ́ náà dé ọwọ́ mi láti gé, Ṣẹ́gun wá bá mi. Ó ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, yọ gbogbo ikọ́ yẹn kúrò. Báwọn èèyàn bá gbọ́ ọ, wọ́n á ní a ò tọ́jú bàbá wa." Kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀, gbogbo ẹbí ló máa ń bẹ̀ wá bẹ́ẹ̀. Mo yọ ikọ́. Wọ́n gba àwo fídíò tiwọn, inú wọn dùn. Bàbá kú kò pẹ́ sí i.

Ọdún gorí ọdún. Ní ọdún yìí, Ṣẹ́gun ní kí Màmá Bọ́lá kúrò nínú yàrá tó ti ń gbé láti ìgbà ọmọge, kí òun tún ilé náà kọ́. Màmá ní rárá, ọkọ òun ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lé òun. Ṣẹ́gun gbé àwo jáde, wọ́n wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n pe ìyá arúgbó náà lónírọ́ lójú ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Bọ́lá sì wá bá mi pé kí n jẹ́ káwọn rí fídíò náà bí wọ́n ti yà á, kí n tó fọwọ́ kàn án.

Mo ní kò burú, ó wà. Òótọ́ ni, ó wà. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Iṣẹ́ ìgbéyàwó kan ni mo kọ́kọ́ fẹ́ parí nínú Àlejò. Àlejò ní àyè ti kún, òun ò lè ṣe mọ́. Ó ní òun rí àwọn ẹrù kan tí kì í ṣe ti iṣẹ́ kankan, ṣé kí òun kó wọn dànù? Oúnjẹ wà lẹ́nu mi. Mo tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àyè ṣí lójijì, mo sì parí iṣẹ́ ìgbéyàwó náà. Àyè náà pọ̀ jù. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Mo ṣí Àgbà, mo ṣí iṣẹ́ bàbá. Orúkọ gbogbo rẹ̀ ṣì wà ní títò, ṣùgbọ́n níbi tí ojú bàbá yẹ kó wà, dúdú ni. Mo ṣí òmíràn, dúdú. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ti fi Àgbà ṣe láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, dúdú, dúdú, dúdú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ọ̀gá. Mo ní kí àlejò gbálẹ̀, gbogbo ohun tí kò mọ̀ sì jẹ́ ìdọ̀tí lójú rẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ó wò ó títí, ó mi orí. Ó ní iṣẹ́ tí mo tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ti dúró sórí ibi tí ti àtijọ́ wà.

Èmi fúnra mi ni mo pe Bọ́lá láti sọ fún un. Ẹ ti mọ bó ṣe wá.

Lọ́jọ́ Tọ́sídeè mo wọ ọkọ̀ Oǹdó. N kò lọ nítorí pé mo nírètí. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè lọ. Ẹ̀rù ló wá lé mi. Ọ̀gá Dáre ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi.

Ó ní, "Bàbá yẹn, ṣé ó ṣàdúrà fún wa?"

"Ó ṣe é, Ọ̀gá. A kúnlẹ̀."

"Kámẹ́rà ń lọ?"

"Ó ń lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, gbogbo ọdún tó o lò lọ́dọ̀ mi, o ò mọ èyí? Téèpù tí àgbàlagbà bá ti ṣàdúrà fún mi nínú rẹ̀, mi ò kì í ya nǹkan mìíràn lé e. Ta ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìre rẹ̀ rẹ́?"

Ó mú mi wọ yàrá. Páálí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, téèpù ló kún inú rẹ̀, orúkọ àwọn arúgbó ni ó kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí ti bàbá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo fi kọ́ṣẹ́ wà lórí tábìlì, Àgbà nìkan ló wà nínú rẹ̀, kámẹ́rà àti okùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀. A tàn án. Téèpù kì í sáré wọ kọ̀ǹpútà; bí bàbá bá lo wákàtí kan láti sọ̀rọ̀, wákàtí kan náà lẹ ó lò láti gbà á. A jókòó, a ń wò ó.

Bàbá ní, "Ilé yìí, ti àwọn ọmọ mi ni. Ṣẹ́gun ni kó ṣe olórí rẹ̀." Ikọ́ mú un. Ó wúkọ́, ó sinmi, ó wúkọ́. Láàárín ikọ́ náà, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ, ó ní, "Yàrá ìyá Bọ́lá, tirẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e, títí yóò fi wá bá mi." Ó tún wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn.

Mo mọ ibi tí mo ti gé e. Láti ikọ́ àkọ́kọ́ dé ikọ́ ìkẹyìn ni mo yọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé mo ń yára. N kò gbọ́ ohun tó wà láàárín. Kì í ṣe Àlejò ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ bàbá nù. Èmi ni.

Mo bi Ọ̀gá bóyá òun gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹni tó ń ya fídíò kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, àwòrán àti iná ló ń wò. Lẹ́yìn náà ló ní, "O lè gbé e lọ fún wọn, kó o má sọ pé ọwọ́ rẹ ló gé e. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Mo rò ó. N kò ní purọ́ fún yín, mo rò ó gan-an. Ẹ̀rù Bọ̀dá Káyọ̀dé ń bà mí.

Àgbà ló gba ọ̀rọ̀ náà jáde nínú téèpù. Nígbà tí mo padà dé Àkúrẹ́, Àlejò ló sọ ọ́ di ohun tí tẹlifíṣàn wọn lè gbé, nínú yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Sátidé, mo dúró ní pálọ̀ bàbá, Màmá Bọ́lá jókòó létí ilẹ̀kùn bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Kí n tó tẹ fídíò, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ní èmi ni mo gé e, n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, n kò kàn fetí sílẹ̀ ni.

Wọ́n wò ó. Nígbà tí ohùn náà jáde láàárín ikọ́, Bọ̀dá Káyọ̀dé dìde, mo fi ọwọ́ bo orí mi. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó lọ dúró lẹ́yìn Màmá Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ṣẹ́gun ní, "Èmi ni mo ní kó yọ ikọ́." Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá.

Èmi ni Màmá kọjú sí. Ó ní, "Ọmọ mi, dá a padà sí ibi ikọ́ yẹn. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn."

Mo dá a padà. Mo sì jẹ́ kí fídíò náà lọ dé òpin, dé ibi tí bàbá ti ń sọ fún èmi àti Ọ̀gá pé, "Ohun tí ẹ bá fi pamọ́, ẹ ó bá a níbi tí ẹ fi í sí."

Màmá wà nínú yàrá rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ní ti èmi, bí ilẹ̀kùn onírin ẹnikẹ́ni bá dún ní àdúgbò, àyà mi ṣì ń já. Hádì dísìkì ọ̀tọ̀ ni ti Àgbà, ọ̀tọ̀ ni ti Àlejò, ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ sì wà nílé Ọ̀gá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan mú fídíò ìyá rẹ̀ wá, ó ní kí n yọ ikọ́ kúrò. Mo ní kó jókòó. Mo fún un ní ohun ìgbọ́hùn, mo ní kó fi sétí, kó kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo ikọ́ náà tán lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kó tó sọ èyí tí òun ò fẹ́.