Orúkọ Tí Tíṣà Joel Ò Fẹ́ Kí Ẹlòmíràn Jẹ́

Láti Ìlọrà títí dé Fìdítì, kò sí ẹni tí kò mọ Tíṣà Joel Àbọ̀dé. Bí ó bá wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n tó jáde nílùú, ó kéré tán ogún ènìyàn á ti máa juwọ́ sí i láti ẹ̀bá títì pé, "Kóòṣì! Kóòṣì wa!" Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn awakọ̀ ìgbà náà. Wọ́n ní mọ́tò kì í tètè dé ibi tó ń lọ bí Kóòṣì bá wà nínú rẹ̀, nítorí ìkíni.

Orúkọ náà ò ṣàdédé wá. Ní ọdún 1979, ilé ìwé Onítẹ̀bọmi kan tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìlọrà rán an lọ sí Ìbàdàn, kó lọ kọ́ nípa eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré! Àmọ́ nígbà tó dé, ẹ ó rò pé òkè òkun ló ti ń bọ̀. Ó gbé fèrè rẹfirí kọ́ ọrùn, ó wọ bàtà kánfáàsì funfun, ó ní kí wẹ́dà ká irin ní roboto, ó sì gbé e kọ́ orí òpó kan ní pápá ilé ìwé. Òpó náà ga débi pé lékeléke tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ ní láti yà fún un. Ibẹ̀ ni gbogbo Afijió ti kọ́kọ́ fojú rí básíkẹ́ẹ̀tì.

"Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù rìn láì ta á mọ́lẹ̀, ó ti ṣẹ̀! Ẹni tó bá ti ẹnìkejì rẹ̀, ó ti ṣẹ̀!" Ohun tó ń pariwo nìyẹn fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ká sòótọ́, ó fẹ́ràn òfin eré náà ju eré náà fúnra rẹ̀ lọ. Kò sì fẹ́ràn òfin náà tó bó ṣe fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní Kóòṣì. Mobọ́lá ìyàwó rẹ̀ mọ èyí dáadáa. Bó bá fẹ́ kó bá òun tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, á kàn pè é ní Kóòṣì lẹ́ẹ̀mejì, àkàbà á ti wà lára ògiri.

Ọdún 1995 ni nǹkan yí padà. Josephine, obìnrin tó ń ta mínírà tútù nítòsí pápá ilé ìwé, ní àbúrò kan ní Jámánì. Àbúrò yìí fi ẹ̀rọ géèmù ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Eré inú kásẹ́ẹ̀tì náà, básíkẹ́ẹ̀tì ni, àmọ́ básíkẹ́ẹ̀tì ojú títì. Kò sí pápá, kò sí aṣọ ẹgbẹ́, kò sí rẹfirí. Ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà ya ìyàkuyà sí ló wà lẹ́yìn, wáyà ló yí ibẹ̀ ká, ṣéènì ni wọ́n sì fi ṣe àwọ̀n.

Ẹni méjì-méjì ló ń bá ara wọn gbá a. Páàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ ni wàá fi darí ẹnì kan, ẹ̀rọ á máa bá ọ darí èkejì. Bọ́tìnì kan wà tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹnìkejì rẹ, òmíràn wà tó ń jù ú sí àwọ̀n. Bọ́tìnì kẹta ni bàbá ọ̀ràn. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ọmọkùnrin rẹ á fi èjìká gbá alátakò dànù bí ẹni da omi ìfọwọ́, á gba bọ́ọ̀lù, á máa lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé kí ló dé. Ìlà pupa kan wà nísàlẹ̀ tó ń fi agbára ẹsẹ̀ hàn: bí o bá ń sáré, á máa tán lọ, bí o bá rọra, á tún máa kún. Bí ẹnì kan bá sì jù ú wọlé lẹ́ẹ̀mẹta léra, bọ́ọ̀lù á gbaná lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní tàsé mọ́ títí alátakò á fi ju tirẹ̀ wọlé. Fífò wọn ńkọ́? Wọ́n á fò kọjá òrùlé, wọ́n á yí po lẹ́ẹ̀mẹta lókè, kí wọ́n tó wá ki bọ́ọ̀lù bọ inú irin. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú búra pé atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ sí àwọn lójú.

Joel gbọ́ nípa rẹ̀, ó yínmú. "Tẹlifíṣọ̀n wo ló fẹ́ kọ́ ènìyàn ní básíkẹ́ẹ̀tì?"

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bó ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, ariwo sọ nínú ṣọ́ọ̀bù Josephine: "Kóòṣì! Kóòṣì! Kóòṣì!" Inú rẹ̀ dùn. Ó tún kọ́là ṣe, ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Mo kí gbogbo yín o, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Ó yọjú wọlé, ó rí i pé Yúnúsà fọ́kánáísà ni wọ́n rọ̀gbà yí ká, ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní oríta. Páàdì wà ní ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún gíríìsì. Bọ́ọ̀lù tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n ń jó lálá.

"Ta lẹ ń pè?" ni Joel wí.

Bámidélé, awakọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló dá a lóhùn. "Háà, Tíṣà! Ẹ wọlé, ẹ wá wòran. Kóòṣì là ń kí! Kò sẹ́ni tó lè nà án láti Fìdítì títí dé Awẹ́."

Tíṣà! Ọ̀rọ̀ náà gún un láyà. Yúnúsà ti dìde, ó ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má dá wọn lóhùn, eré ni wọ́n ń ṣe."

"Mo rí i," ni Joel wí, ó sì jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀bà tutù níwájú rẹ̀. "Fọ́kánáísà! Ẹni tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì rí láyé ẹ̀!"

Mobọ́lá ń bó ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè. "Ṣé owú kọ́ ló ń jẹ yín báyìí?"

"Owú kí ni? Kí ni Yúnúsà ní tí mo fẹ́ jowú?"

"Orúkọ yín ni. Ẹ jẹun."

Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kó tó lè gbé ara rẹ̀ lọ. Ó jókòó ti Yúnúsà, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, ó gba páàdì. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí Yúnúsà fi gbá ọmọkùnrin rẹ̀ ṣubú. Joel ju páàdì sílẹ̀, ó fi fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n, fííííí! Ó na ọwọ́, ó ń retí kí wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà. Kó tó yọ fèrè lẹ́nu, Yúnúsà ti jù ú wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rín pa wọ́n. Bámidélé bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. "Tíṣà, ta lẹ fọn ọ́n fún? Ṣé àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n?"

"Ó ti í! Gbogbo yín lẹ rí i pé ó ti í!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ni Yúnúsà wí. "Bí wọ́n ṣe ń gbá tibí nìyẹn. Ẹ ti tèmi náà."

Ti ènìyàn kẹ̀? Joel ò lè tì í. Títí wọ́n fi gbá a tán, àtàǹpàkò rẹ̀ ò kan bọ́tìnì kẹta. Wọ́n nà án tán, ó wálé, ó sì parọ́ fún Mobọ́lá pé iná lọ kí àwọn tó parí.

Láti ọjọ́ náà, ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò ní ohun tí ènìyàn lè bò. Bó bá gba oríta kọjá tó rí Yúnúsà tó ń yí jáàkì, á ní ọ̀nà tó ń gbà yí i ń ṣe fáàrí. Bí wọ́n bá kí Yúnúsà, á ní wọ́n kí i pẹ́ jù. Àdúrà alẹ́ rẹ̀ pàápàá, Yúnúsà ń wọ inú rẹ̀. Níkẹyìn, ó bẹ Josephine pé kó jẹ́ kí òun máa wá láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí táyà bá ti há Yúnúsà mọ́ oríta.

"Ẹ tẹ bọ́tìnì kẹta o jàre, Tíṣà," ni Josephine wí. "Ènìyàn kọ́ nìyẹn, iná lásán ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ ẹ́, tí ọmọkùnrin kan ṣubú lójú tẹlifíṣọ̀n, Joel ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Josephine rẹ́rìn-ín títí mínírà fi dànù. Ní Sátidé kejì, kò sọ pẹ̀lẹ́ mọ́. Ní Sátidé kẹrin, gbogbo ẹni tó bá gbá ṣubú ló ní ojú Yúnúsà, ó sì ń padà lọ gbá wọn nígbà tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ wọn pàápàá.

Ó wá ránṣẹ́ sí Yúnúsà pé kí àwọn pàdé lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Ẹni tó bá borí ni kí Ìlọrà máa pè ní Kóòṣì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe èkejì bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n wá láti Fìdítì, wọ́n wá láti Imini, wọ́n kún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kún ojú fèrèsé, àwọn kan gun igi máńgòrò tí kò ṣeé rí tẹlifíṣọ̀n láti orí rẹ̀. Joel gbá ọmọkùnrin Yúnúsà ṣubú ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Ariwo ta! Wọ́n jọ ń lọ wọ́n jọ ń bọ̀, títí ó fi di méjìdínlógójì sí méjìdínlógójì, ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Bọ́ọ̀lù ti gbaná lọ́wọ́ Yúnúsà. Ọmọkùnrin Joel ti nà gbalaja sílẹ̀, ìlà pupa rẹ̀ ti tán. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Joel gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rí àtàǹpàkò Yúnúsà tó gbéra kúrò lórí bọ́tìnì, tó sì dúró sófuurufú. Ọmọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n náà dúró sábẹ́ irin, ó ń ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Ọwọ́ Joel ò dúró ro nǹkan. Ọmọkùnrin rẹ̀ dìde, ó gbá ti Yúnúsà ṣubú, ó gba bọ́ọ̀lù, ó sáré, ó jù ú, ó wọlé.

"Kóòṣì!" Wọ́n gbé e sókè. Wọ́n fi orí rẹ̀ gbá àjà Josephine. Yúnúsà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú oríire, Kóòṣì."

Orúkọ ti padà sọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí kò dùn lẹ́nu? Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ Yúnúsà ló ń jowú. Ní báyìí, ìwà rẹ̀ ló ń jowú, ìyẹn sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí kò sí Sátidé tí ènìyàn lè fi kọ́ ọ. Ó ronú pé bó bá jẹ́ òun, òun ì bá jù ú wọlé, òun ì bá sì tún fọn fèrè lé e.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Yúnúsà ní oríta níbi tó ti ń ki ọ̀pá bọ abẹ́ táyà kan nílẹ̀.

"Kí ló dé tí o mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n borí lánàá?"

"Èmi kẹ̀? Ọwọ́ mi ló yọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Yúnúsà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tó bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ Ràṣídì àbúrò mi ní ìwé. Ṣé kí n wá dójú tì yín níwájú ará Imini?"

Joel di ọ̀pá mú lọ́wọ́ rẹ̀. "Dìde. Ká lọ gbá a báyìí. Bí o bá tún gbé àtàǹpàkò kúrò níbẹ̀, n ò ní dá ọ lóhùn ìkíni mọ́ nílùú yìí."

Josephine nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Yúnúsà nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Joel na páàdì sí i. Ni ó bá gbá a. Ó gbá a bí ẹni tó ń bínú, bóyá ó sì ń bínú lóòótọ́. Méjìléláàádọ́ta sí mẹ́tàdínlógún.

Joel rọra fi páàdì lélẹ̀. Ó jókòó títí tẹlifíṣọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ eré mìíràn fúnra rẹ̀.

"Josephine," ló wí, ohùn rẹ̀ le bí ẹni gbé ewúro tútù mì, "bí wọ́n bá bi ọ́, Yúnúsà ni kí wọ́n máa pè ní Kóòṣì. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Yúnúsà fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Joel ò dúró gbà á. Ẹ̀yìn ilé ìwé ló gbà lọ sílé, ọ̀nà tó jìn, tó kún fún ẹ̀gún, nítorí ojú ọ̀nà títì tó yá ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ pè é ní Kóòṣì, orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.