Eṣinṣin Inú Ìgò Àlàájì

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí o bá fi òótọ́ hàn wọ́n, wọ́n á ní kí o bá àwọn yí i padà. Ọ̀kan nínú wọn ni àbúrò bàbá mi, Àlàájì ará Ṣakí tó ń ta máńgòrò ní ọjà Adjamé ní Abidjan, tó tún ní oko máńgòrò sí abúlé Songon. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo eṣinṣin lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ní ilé àyẹ̀wò kan ní Abidjan, kí n sọ irú èyí tó jẹ́.

Ìdin bo máńgòrò Àlàájì lọ́dún kan. Ó ní igi máńgòrò kan ṣoṣo tí opó àgbàlagbà kan ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko òun ló fà á, kí baálẹ̀ abúlé jẹ́ kí wọ́n gé e. Ara igi yẹn ni obìnrin náà ti ń jẹun. Baálẹ̀ ní kí wọ́n kó eṣinṣin ìdí igi opó àti ti oko Àlàájì lọ fún ẹni tó mọ̀ wọ́n. Inú Àlàájì dùn pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun lẹni náà, ó gbé ìgò méjì wá bá mi.

Mo wò wọ́n. Kantíkantí lásán ló wà nínú ti opó: ojú pupa, ara bíńtín, ìyẹ́ tó mọ́ kedere. Èso tó ti bàjẹ́ nìkan nìyẹn ń tọ̀ lẹ́yìn. Ti Àlàájì tóbi jù ú lọ, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti agbọ́n, ó ní ìlà ìyeyè lẹ́yìn àti àmì dúdú bíi lẹ́tà T níkùn. Abo rẹ̀ ní ṣóńṣó nídìí, òun ló fi ń gún máńgòrò tó wà lórí igi kó lè yé ẹyin sínú ẹ̀. Ọ̀daràn gan-an nìyẹn.

“Ṣebí eṣinṣin náà ni gbogbo wọn?” ni Àlàájì wí. “Pààrọ̀ ìgò. Ọmọ wa ni ẹ́, ta ló máa mọ̀?”

Ẹnu tó fi ń kéwú ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Bàbá, máńgòrò tó já bọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ ló ń bí wọn. Ẹ ṣà á, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀.”

“Kí èmi Àlàájì máa bẹ̀rẹ̀, kí n máa ṣa máńgòrò jíjẹrà?”

Àgbà tí ò nítìjú, ojú kan ni ìbá ní. Mo gbé ìgò méjèèjì lọ sí Songon, mo ní máńgòrò tó já bọ́ lóko Àlàájì ló ń bí ọ̀daràn yẹn, mo sì fún baálẹ̀ ní awò kó fi wo ikùn wọn fúnra rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní igi opó ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá máa gé nǹkan, ti Àlàájì ni kí wọ́n gé.

Obìnrin náà ló bẹ̀bẹ̀. Ó ní, “Ẹ má gé e. Èmi á máa bá a ṣa èyí tó bá já bọ́.”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Àlàájì ní ó ṣeun, ó sì nawọ́ sí ibi tí máńgòrò ti jẹrà jù lọ, pé ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ ṣà.